Láti Victoria Street dé Baddo: ta ló ń yí orúkọ àdúgbò Èkó padà, kí sì nìdí?

Ní oṣù Keje ọdún 2025, orúkọ ibùdókọ̀ kan ṣoṣo dá ìjà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Wọ́n ní ibùdókọ̀ Charly Boy ní Bàrígà ti di Baddo. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ fi kúrò ní ti ibùdókọ̀. Ó di ti Yorùbá àti Igbo, ó di ti ta ló ni Èkó, àwọn kan tilẹ̀ wọ́ ìbò 2027 mọ́ ọn. Ẹlòmíràn sì ń búra pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Láti ìgbà tí ọwọ́ ọba Èkó ti kúrò lórí ìlú ní 1861, gbogbo ìjọba tó bá ti gorí àlééfà ló ń fọwọ́ kan pátákó orúkọ. Àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe é, àwọn olóṣèlú òmìnira ṣe é, ológun ṣe é, alágbádá náà ò gbẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Bàrígà gan-an?

Bàrígà jẹ́ LCDA, ìyẹn káńsù onídàgbàsókè tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gé lára ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómolú. Alága ibẹ̀ nígbà náà, Kọ́ládé David Àlàbí, ń kógbá sílé nígbà tó kéde pé káńsù ti fi orúkọ àwọn olórin àti àwọn gbajúmọ̀ kan sọ òpópónà àti ibùdókọ̀ lágbègbè náà. Èyí tó gba ariwo jù ni ibùdókọ̀ Charly Boy, tí wọ́n sọ di Baddo. Baddo ni ìnagijẹ Ọlámidé Adédèjì, ọmọ Bàrígà tó fi orin Yorùbá ìgboro di ìlúmọ̀ọ́ká.

Charly Boy ní tirẹ̀ ni Charles Oputa, olórin àti ajìjàgbara, ọmọ Adájọ́ Chukwudifu Oputa tó jókòó ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ nílẹ̀ yìí. Ilé rẹ̀ wà nítòsí ibẹ̀ láyé ọjọ́un. Kọ́ńdọ́ àti èrò ọkọ̀ ló sọ ibẹ̀ lórúkọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ibùdókọ̀ kan lójú títì Òṣòdì sí Àpápá ní Cele nítorí ṣọ́ọ̀ṣì Sẹ̀lẹ́sítíà.

Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ àkọ́kọ́ ti wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé wọ́n yí orúkọ òpópónà padà. Ibùdókọ̀ ni, kì í ṣe òpópónà. Bẹ́ẹ̀ oríṣi orúkọ méjì ló wà ní Èkó: orúkọ pátákó, tí ìjọba kọ sílẹ̀, àti orúkọ ẹnu, tí aráàlú ń pè. Charly Boy, orúkọ ẹnu ni. Ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú ọ̀rọ̀ Bàrígà ni pé ìjọba na ọwọ́ sí orúkọ tí kì í ṣe òun ló fi lélẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, ta ló ń sọ àdúgbò lórúkọ?

Kò sí ẹni tó ń jókòó ṣe é. Ohun tó bá wà níbẹ̀, tàbí ẹni tó bá tẹ ibẹ̀ dó, ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ààfin ọba Èkó, Ìgá Ìdúngánràn, wọ́n ní orí oko ata Arómirẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Èbúté Mẹ́ta ni èbúté mẹ́ta lóòótọ́: Ìddó, Ọ̀tọ̀ àti Oyíngbò. Ojúẹlẹ́gba, ojúbọ Ẹlẹ́gbára ló bí i. Gbàgede tí ojú rẹ̀ là ni wọ́n ń pè ní Ìta, ìyẹn ni Ìta Fájì ṣe rí orúkọ tirẹ̀.

Ẹ wo “Ìdúmọ̀” tó wà nínú Ìdúmọ̀tà àti Ìdúmàgbò. Láti èdè Ẹ̀dó ló ti wá, níbi tó ti túmọ̀ sí àdúgbò. Ó kù láti ayé tí ọwọ́ Ìbìní wà lórí Èkó. Ẹ fi èyí pamọ́ sọ́kàn, nítorí a máa padà bá a níwájú níbi tí àwọn èèyàn ti ń jà lórí ohun tó ń jẹ́ orúkọ ìbílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ti òkèèrè dé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó. Àwọn Sàró tí wọ́n ti Freetown dé fìdí kalẹ̀ sí Olówógbowó. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì àti Kúbà dé kọ́lé sí Pópó Àgùdà, wọ́n fi Campos Square àti Bámgbóṣé Street sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí àwọn èèyàn Ọba Kòsọ́kọ́ padà láti Ẹ̀pẹ́ ní 1862, ibi tí wọ́n jókòó sí di Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kò sí ẹni tó nílò àlàyé lórí ìyẹn: Ẹ̀pẹ́ ló tẹ ibẹ̀ dó.

Èyí tí àwọn Potogí fún ìlú náà, Lagos, ọ̀rọ̀ wọn fún adágún omi, ni orúkọ kan ṣoṣo tó wá láti ẹnu ẹni tí kò gbé ibẹ̀. Òun gan-an ló wá borí lórí ìwé. Èkó ló borí lẹ́nu.

Kí làwọn amúnisìn wá ṣe?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, wọ́n mú kí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé náà, Docemo ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ yìí wọ orí pátákó òpópónà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Docemo Street: ọba onílẹ̀, nínú ilẹ̀ baba rẹ̀, ẹnu àlejò ni wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀.

Ìlú tí òyìnbó fẹ́ ṣètò gbọ́dọ̀ ní títì tó tọ́ gbọọrọ, ojúlé tó ní nọ́ńbà, àti orúkọ tí akọ̀wé lè kọ. Owó orí ilé, lẹ́tà ìpè ilé ẹjọ́ àti ìwé ilẹ̀ kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí “ẹ̀yìnkùlé Bàbá Lágbájá”. Marina àti Broad Street bẹ̀rẹ̀ sí í gbapò. Ibi tí àwọn aráàlú ń pè ní Ẹ̀hìngbẹ̀tì di Marina lórí ìwé. (Orúkọ àtijọ́ náà kò kú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi sọ àpérò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń ṣe láti 2000.) Orúkọ ọbabìnrin wọn bọ́ sórí Victoria Street, ó sì bọ́ sórí Victoria Island.

Àwọn gómìnà náà kò gbàgbé ara wọn. Moloney Street jẹ́ ti Alfred Moloney. Afárá tí wọ́n ṣí ní 1901 jẹ́ ti Gilbert Carter, wọ́n sì ti tún un kọ́ lẹ́yìn náà láìyọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Odò tí wọ́n gbẹ́ láàárín Èkó àti Ìkòyí jẹ́ ti William MacGregor. Nígbà tí Ìkòyí wá di ibùgbé àwọn òyìnbó ìjọba, wọ́n to orúkọ síbẹ̀ bí ẹní to àwòrán àwọn ọ̀gá sára ògiri ọ́fíìsì: Lugard, Cameron, Bourdillon, Milverton, Macpherson. Kingsway Road àti Queen’s Drive wà láàárín wọn. Ẹni dúdú tó wọ ibẹ̀ lásìkò náà, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ló gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n ẹnu aráàlú kò dákẹ́. William McCoskry, tó ṣe adelé gómìnà ní 1861, ní irùngbọ̀n pupa. Àwọn ará Èkó wo àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n pè é ní Òyìnbó Apọ́ngbọ̀n. Lónìí, mélòó nínú àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ ní Apọ́ngbọ̀n ló mọ̀ pé orúkọ gómìnà òyìnbó ni àwọn ń pè? John Glover náà, tó pín ilẹ̀ Èbúté Mẹ́ta fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì Ẹ̀gbá tí wọ́n sá kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, di Ọba Gòlóbà lẹ́nu wọn.

Nígbà tí òmìnira dé, ṣé wọ́n fọ gbogbo rẹ̀ dànù?

Rárá o. Èyí ló máa ń ya àwọn tó bá fi Èkó wé ìlú mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà lẹ́nu. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n kó gbogbo pátákó òyìnbó jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ wọ́n, nígbà tí ẹni tí wọ́n fẹ́ bọlá fún bá wà.

Victoria Street di Nnamdi Azikiwe Street, lórúkọ ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, nítorí àwọn tó ń jà lórí Charly Boy kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Títì yìí gba àárín Ìdúmọ̀tà kọjá, lẹ́bàá ọ̀kan lára àwọn ọjà tó ti pẹ́ ní Èkó, orúkọ ọmọ Igbo ló sì ń jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Orúkọ ọbabìnrin kúrò lórí títì, àmọ́ erékùṣù Victoria Island ṣì wà níbẹ̀ lódidi, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Pápá ìfẹṣinsáré, níbi tí wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ ní òru tó mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960, di Tafawa Balewa Square ní ọwọ́ ọdún 1972. Ní Sùúrùlérè, tí ìjọba kọ́ láti kó àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí, orúkọ àwọn ọmọ ilé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: Bode Thomas, Adéníran Ògúnsànyà, Randle. Ní FESTAC, ìjọba ológun kúkú sá fún wàhálà, wọ́n fi nọ́ńbà pe títì: First Avenue, Second Avenue, ó ń bá a lọ. Kò sí ẹni tó bá nọ́ńbà jà.

Èyí tó kọ́ ìjọba lọ́gbọ́n jù ni Broad Street. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sọ ọ́ di Yakubu Gowon Street nígbà tí Gowon ṣì jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè. Wọ́n kọ ọ́ sórí lẹ́tà àti sórí pátákó. Lẹ́yìn tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1975, orúkọ náà kò pẹ́ níbẹ̀. Títì padà sí Broad Street, òun náà là ń pè é dòní. Murtala Muhammed tó gbapò rẹ̀, tí wọ́n pa ní Ìkòyí ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 1976, ní títì ní Yábàá àti Èbúté Mẹ́ta, ó tún ní pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà. Tirẹ̀ kò kúrò. Ẹni tí wọ́n pa máa ń pẹ́ lórí pátákó ju ẹni tí wọ́n lé kúrò lọ.

Ìlà yẹn ò tíì já. Kingsway Road di Alfred Rewane Road, lórúkọ bàbá olówó tó ń ran NADECO, ẹgbẹ́ àwọn ajìjàgbara tó ń bá ìjọba ológun fà á, lọ́wọ́, tí wọ́n yìnbọn pa nílé rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá ọdún 1995. Western Avenue di Funsho Williams Avenue, lórúkọ olóṣèlú tí wọ́n pa ní oṣù Keje ọdún 2006. Queen’s Drive di Oyinkan Abayomi Drive. Òun nìkan ni ìpànìyàn kò bí. Lady Oyinkan dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ ní 1944. Baba rẹ̀ sì rèé, Kitoyi Ajasa, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Lugard ni.

Kí ló dé tí wọ́n tún máa ń dárúkọ Tinúubú nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Kì í ṣe Ààrẹ ni wọ́n ń bá wí o. Ẹfúnróyè Tinúubú ni, obìnrin oníṣòwò tó lówó, tó ń yan ọba, tí Campbell aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì mú kí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, ó sì kú ní 1887. Ibi gbàgede tí wọ́n ń pè ní Ìta Tinúubú ni àwọn olórí òmìnira sọ di Independence Square. Orúkọ yẹn kò dúró. Ó padà di Tinubu Square.

Ní ojú ẹni tó ń wá orúkọ tí kì í ṣe ti òyìnbó, kò sí èyí tó dára jù ú lọ: obìnrin dúdú tó bá amúnisìn fa á. Ní ojú ẹlòmíràn, oníṣòwò ẹrú ni, òótọ́ sì ni, ó ta ẹrú. Ohun méjèèjì wà lára ẹnìkan náà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi àwọn ọmọ onílẹ̀ rọ́pò amúnisìn kí ẹnu lè dákẹ́, Ìta Tinúubú ni kó kọ́kọ́ yà.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fi orúkọ àdúgbò gbẹ̀san lára Amẹ́ríkà?

Lóòótọ́ ni. Ìtàn yìí dùn ju gbogbo ìyókù lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa Kúdírátù Abíọ́lá ní Èkó, ìyàwó Moshood Abíọ́lá tó wà látìmọ́lé Abacha, olórí ìjọba ológun ìgbà náà. Ní New York, káńsù ìlú náà fi orúkọ rẹ̀ sọ kọ̀rọ̀ títì tó wà lẹ́bàá ilé iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà, kí ó lè jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí aṣojú Abacha bá yọjú síta, orúkọ yẹn ló máa kọ́kọ́ rí. Ìjọba ológun náà dá a padà bó ṣe gbà á. Eleke Crescent ní Victoria Island, níbi tí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà wà, wọ́n sọ ọ́ di Louis Farrakhan Crescent, lórúkọ olórí mùsùlùmí Amẹ́ríkà dúdú tí ìjọba ibẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí.

Abacha kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1998. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, ọwọ́ tún yí. Títì kan náà di Walter Carrington Crescent, lórúkọ aṣojú Amẹ́ríkà tó ti bá Abacha fa wàhálà títí tó fi kúrò nílẹ̀ yìí ní 1997. Ní Orégún, títì ńlá ibẹ̀ di Kudirat Abiola Way. Orúkọ mẹ́ta láàárín ọdún díẹ̀, lórí títì Victoria Island yẹn, tí ẹlòmíràn lè fi ẹsẹ̀ rìn tán kí tíì rẹ̀ tó tutù.

Lábẹ́ òfin, ta ló láṣẹ gan-an?

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sínú Àfikún Kẹrin rẹ̀. Ọ̀kan lára iṣẹ́ náà ni fífún títì àti òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sí ojúlé. Nítorí náà, kì í ṣe gómìnà, kì í ṣe ààrẹ. Káńsù ni.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni pé: káńsù wo? Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin mọ̀ ní Èkó. Ní 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ dá 37 sí i sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ di 57. Ìjọba àpapọ̀ ìgbà náà bínú, ó dá owó Èkó dúró. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ẹjọ́ sì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2004: ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó dúró, Èkó sì tẹ̀lé ìlànà nínú dídá káńsù tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí àfi tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá ṣe tiwọn. Bí ọmọ tí a ti bí, tí a kò tíì kó jáde. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní LCDA.

Bàrígà, LCDA ni. Nítorí náà, àwọn kan ń bi í pé ṣé alága LCDA lè lo agbára tí ìwé òfin fún ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn mìíràn ní abẹ́ òfin ìpínlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, òun náà ló ń kó pàǹtí àdúgbò, kí ló wá dé tí kò ní lè sọ àdúgbò lórúkọ? Ilé ẹjọ́ ló lè dá ìyẹn. Kókó mìíràn tún wà níbẹ̀: títì ni ìwé òfin dárúkọ. Kò sọ̀rọ̀ ibùdókọ̀.

Owó náà wà nínú rẹ̀. Òfin owó orí tí ìjọba ológun ṣe ní 1998 ka owó ìforúkọsílẹ̀ òpópónà mọ́ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà, àfi ní olú ìlú ìpínlẹ̀, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń gbà á. Fún Èkó, Ìkẹjà nìyẹn. Òun ló jẹ́ kí òpópónà kéékèèké ní àwọn àdúgbò tuntun máa jẹ́ orúkọ lánlọ́ọ̀dù tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀, tó sì lọ sanwó ní káńsù. Wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí, àpò ni wọ́n ń wò.

Kí ni àwọn tó ń fa ọ̀rọ̀ náà ń sọ?

Àwọn tó ti ìyípadà Bàrígà lẹ́yìn ní ọmọ àdúgbò ni Ọlámidé, òun ló gbé orúkọ Bàrígà dé òkè òkun, ibi tí èèyàn sì ti ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn ni kí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ nǹkan. Lójú wọn, ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ Igbo tàbí Yorùbá mọ́ ọn ló mú ìyẹn wá látilé rẹ̀.

Àwọn tó lòdì sí i ní ó ṣòro láti ya ọ̀rọ̀ náà kúrò lára ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó láti ìgbà ìbò 2023, nígbà tí ìbéèrè “ta ló ni Èkó” gbóná débi tí ẹnu ń rùn. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ òpópónà ló wà tí káńsù lè fi ta Ọlámidé lọ́rẹ láìyọ orúkọ ẹlòmíràn kúrò. Charles Oputa fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ síta, inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Ní ọdún 2025 kan náà, abẹnugan ilé náà, Mudashiru Ọbásá, sọ pé àwọn ń gbèrò òfin tí yóò dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Lára ohun tó dárúkọ ni dídá orúkọ òpópónà àti àdúgbò tí kì í ṣe ti ìbílẹ̀ padà níbi tó bá ti yẹ. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò ju ti Bàrígà lọ, nítorí kò yọ amúnisìn sílẹ̀, kò sì yọ àlejò sílẹ̀.

Ibi tó ti le nìyí. Èwo ni orúkọ ìbílẹ̀ ní Èkó? Ìdúmọ̀tà ní gbòǹgbò Ẹ̀dó. Campos ti òkè òkun dé. Apọ́ngbọ̀n jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé, gómìnà òyìnbó ló sì ń jẹ́ ẹ. Bámgbóṣé jẹ́ orúkọ Yorùbá, àwọn Àgùdà ló gbé e padà wálé láti òkè òkun. Ọbálendé, níbi tí àwọn ọmọ ogun Haúsá tí ìjọba kó kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ dúró sí, Yorùbá ni wọ́n fi sọ ìtàn lílé tí wọ́n lé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè yọ orúkọ máa gba Apọ́ngbọ̀n láyè. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn yọ ọ́, Apọ́ngbọ̀n náà ló máa kọ́kọ́ lọ.

Bourdillon tún wà níbẹ̀. Bernard Bourdillon ṣe gómìnà láti 1935 sí 1943. Lónìí, tí ẹnikẹ́ni bá ní “wọ́n ti lọ sí Bourdillon”, ilé Ààrẹ Bọ́lá Tinúubú ní Ìkòyí ló ń sọ, ọ̀rọ̀ òṣèlú sì ni. Ẹnu ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín láìsí ìjọba kankan tó yí pátákó.

Tí orúkọ àdúgbò mi bá yí padà, kí ló kàn mí?

Ìwé ilẹ̀ rẹ kò ní tìtorí ìyẹn bàjẹ́. Ohun tó ń dá ilẹ̀ mọ̀ lábẹ́ òfin ni ìwé sọ̀feè tó ní nọ́ńbà bíkìn, àti nọ́ńbà, ojú ìwé àti ìdìpọ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Aláùsá. Orúkọ òpópónà kàn ń júwe ibẹ̀ ni.

Ìnira wà níbòmíràn. Báǹkì máa ní kí o mú bíìlì iná tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá ti fọ́ọ̀mù rẹ mu. Lísẹ́ǹsì ọkọ̀, nọ́ńbà NIN, ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ àtúnṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní owó tirẹ̀. Máàpù orí fóònù lè máa pe orúkọ àtijọ́ fún ìgbà pípẹ́, tí ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún ọ á máa yípo. Oníṣòwò tó kọ nọ́ńbà ojúlé àti orúkọ títì sára báàgì tó ń tẹ̀ tà, ó di dandan kó tún un tẹ̀.

Àwọn lọ́yà tó ń tọpa ilẹ̀ ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ̀ ọ́n jù. Bí ìwé ilé kan ní Ìdúmọ̀tà bá ti pẹ́ tó ayé òyìnbó, Victoria Street ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Tí wọ́n bá rí lẹ́tà lórí ilé Broad Street láti ayé Gowon, Yakubu Gowon Street ló máa wà lókè rẹ̀. Ọmọ tó bá ń wá ilé baba rẹ̀ lórí ìwé wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ mọ gbogbo orúkọ tí títì náà ti jẹ́ rí, nítorí kò sí pátákó kankan níbẹ̀ tó máa sọ fún un.